Elizabeth Freeman àti Ìwé Òfin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Elizabeth Freeman fún yín. Ẹrú John Ashley ni ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Bett ni wọ́n ń pè é. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n ṣe ní 1780, ní òmìnira ni a bí gbogbo èèyàn sí. Ó bá lọ bá lọ́yà kan, Theodore Sedgwick. Wọ́n gbé Ashley lọ sílé ẹjọ́ ní 1781, Bett sì jàre. Orúkọ tó wá sọ ara rẹ̀, Freeman, ẹni tó ní òmìnira ló túmọ̀ sí. Ó kú ní 1829. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé adájọ́ ni Ashley fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò ga ju òfin lọ.