Abraham Lincoln: Ọdún Tí Ó Fìdí Rẹmi Nínú Ìbò

Nígbà tí a ń wá ẹni tí a ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ìrántí ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa yìí, orúkọ púpọ̀ ló jáde. Àwọn akọni ilẹ̀ wa kò níye, a sì mọ ìtàn wọn lórí. Ẹni tí a wá mú nígbẹ̀yìn jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ó sì ti kú láti 1865. Kì í ṣe tìtorí ipò ààrẹ tí ó dé ni a ṣe mú un. Pé òun ni ààrẹ kẹrìndínlógún ní Amẹ́ríkà, pé ó kéde òmìnira fún àwọn ẹrú, pé wọ́n yìnbọn fún un nínú ilé eré, gbogbo èyí wà nínú ìwé àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Èyí tí ó kàn wá jù ni ọdún mẹ́fà tí ó lò ní abúlé kan tí ń jẹ́ New Salem, ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí ó ti tajà, tí ó ti wọ gbèsè, tí ó sì ti du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ tí kò rí i mú. Nínú ẹgbẹ́ tiwa náà, a ní àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn ti kógbá wọlé rí. A sì ní àwọn tí wọ́n ti dúró fún ìbò tí ìbò kò dúró tì wọ́n. Wọn kò ní bínú bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1809 ni wọ́n bí Abraham Lincoln nínú ahéré tí wọ́n fi ìtì igi kọ́ ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Àgbẹ̀ ni Thomas, bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Nancy ìyá rẹ̀ kú. Sarah tí bàbá rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn náà ló tọ́ ọ, ó sì tọ́ ọ bí ọmọ tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Bí a bá ko gbogbo ọjọ́ tí ó fi jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, kò pé ọdún kan. Àáké ni wọ́n tètè fi lé e lọ́wọ́, ìwé tí ó mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yá a kiri tí ó sì kà á.

Ní 1831, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Denton Offutt gbà á pé kí ó bá òun fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ kó ẹrù lọ sí New Orleans. Nígbà tí wọ́n dé New Salem lórí odò Sangamon, ọkọ̀ há sórí ìdènà omi tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ìlọ̀. Iwájú ọkọ̀ yọ sókè, omi ń wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, àwọn ará abúlé sì tú jáde wá wòran létí odò. Lincoln ní kí wọ́n kó ẹrù kúrò lẹ́yìn. Ó wá lu ihò sí iwájú ọkọ̀ tí ó yọ sókè yẹn, omi dà nù, ó dí ihò náà padà, ọkọ̀ sì kọjá. Inú Offutt dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sí abúlé yẹn gan-an, tí ó sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin náà sídìí ọjà.

Bí ó ṣe wọ ìlú kò pẹ́ tí wọ́n fi dán an wò. Àwọn ọmọkùnrin kan wà ní ìtòsí ibẹ̀, ní Clary's Grove, tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò sinmi. Jack Armstrong ni olórí wọn, ó sì mọ ìjàkadì. Offutt ti ń fọ́nnu kiri pé kò sí ẹni tí ó lè dá akọ̀wé ọjà òun. Wọ́n fẹsẹ̀ kò, gbogbo abúlé yí wọn ká, nígbà tí eruku sì rọlẹ̀, Jack Armstrong àti Lincoln di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Armstrong yìí sọ́kàn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1832, nígbà tí kò tíì lo ọdún kan ní abúlé náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún yìí gbé ìwé jáde nínú ìwé ìròyìn Sangamo Journal pé òun ń díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Illinois. A ti ka ìwé ìpolongo púpọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n a kò rí irú èyí rí. Ọ̀rọ̀ odò ló gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní rélùwéè dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ìlú. Kí ìjọba gbẹ́ odò Sangamon kí ọkọ̀ lè máa gbà á kó irè oko lọ sọ́jà. Ó ní kí òfin wà lórí owó èlé tí àwọn ayánilówó ń gbà. Ó ní ẹ̀kọ́ ni ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ìlú. Níparí, ó sọ fún wọn pé òun kò ní ìbátan olówó tàbí gbajúmọ̀ tí yóò ti òun lẹ́yìn, pé bí wọn kò bá sì dìbò fún òun, ìjákulẹ̀ kò ṣàjèjì sí òun. Lára àwọn tiwa, ta ni yóò kọ irú ọ̀rọ̀ báyẹn sínú ìwé ìpolongo?

Ọ̀rọ̀ odò yẹn kì í ṣe ẹnu lásán. Ní oṣù kan náà, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kan tí ń jẹ́ Talisman gun odò náà wá. Lincoln wà lára àwọn tí ó mú àáké lọ gé ẹ̀ka igi tí ó dí ojú omi. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, òun àti Rowan Herndon ló tukọ̀ náà padà, wọ́n sì ní láti wó apá kan lára ìdènà omi New Salem kí ó tó ráyè kọjá.

Kí ìpolongo tó gbóná, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Èkíní, òwò Offutt dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Lincoln. Èkejì, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn Íńdíà tí Black Hawk ń darí. Lincoln forúkọ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Àwọn ọmọ ogun ló ń dìbò yan ọ̀gá wọn nígbà náà, àwọn ọmọ New Salem àti Clary's Grove sì fi í ṣe kápútẹ́nì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó máa ń fi ṣe àwàdà pé ẹ̀fọn nìkan ló ta ẹ̀jẹ̀ òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé ipò kápútẹ́nì yẹn dùn mọ́ òun nínú ju ọ̀pọ̀ ohun tó tẹ̀ lé e lọ. Ó yé wa. Ojúgbà ẹni ló fi í jẹ.

Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Keje, wọ́n ti jí ẹṣin rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn, ó wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, kí ó tó délé. Ìbò kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ lọ mọ́. Ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn ni ó fi ń ti oko dé oko, tí ó ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀.

Ní Illinois ayé ìgbà náà, wọn kì í ju ìwé ìbò sínú àpótí. Olùdìbò á dúró níwájú àwọn akọ̀wé, á pe orúkọ àwọn tí ó fẹ́ sókè, gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí á sì gbọ́. (Ẹni tí ó bá ti jẹ ìrẹsì rẹ tí kò sì dìbò fún ọ, ojú rẹ̀ á hàn kedere.) Mẹ́tàlá ni àwọn tí ó ń díje, àyè mẹ́rin ló wà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Lincoln ní ìbò 657, ó ṣe ipò kẹjọ. Kò wọlé. Peter Cartwright, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí gbogbo agbègbè mọ̀, wà lára àwọn mẹ́rin tí ó wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èsì láti New Salem nìkan. Nínú ìbò bí 300 tí wọ́n dì níbẹ̀, 277 jẹ́ tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dìbò yìí ló jẹ́ ẹ̀yìn Andrew Jackson, ẹgbẹ́ òṣèlú tí Lincoln ń takò. Wọ́n gbé ẹgbẹ́ òṣèlú tì, wọ́n dìbò fún aládùúgbò. Àlejò ọdún kan ni, ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ló sì ti já kulẹ̀. A gbàgbọ́ pé iye 277 yìí ló gbé e dé gbogbo ibi tí ó dé lẹ́yìn náà.

Ìyà gidi wá bẹ̀rẹ̀. Kò níṣẹ́, kò lówó. Ó ro iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó ro iṣẹ́ lọ́yà, ó sì rò pé ìwé òun kò tó. Herndon fẹ́ ta ìpín tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Lincoln rà á láwìn, ó di alájọṣe William Berry, ẹni tí wọ́n jọ wà lójú ogun. Wọ́n tún ra ọjà ṣọ́ọ̀bù mìíràn láwìn lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwé àdéhùn, kò sí owó nínú rẹ̀. Berry ń mu ọtí, Lincoln ń kàwé lẹ́yìn káńtà. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jọ́, kò sì tọ́jọ́ lóòótọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dòwò pọ̀ nínú wa, kí ó ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ará abúlé kò pa á tì. Ní oṣù Karùn-ún 1833, ó di ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀. Inú fìlà rẹ̀ ló máa ń kó lẹ́tà sí bí ó bá ń lọ fún àwọn tí ọ̀nà wọn jìn. John Calhoun, tí ó ń bójú tó wíwọn ilẹ̀ ní agbègbè náà, fún un ní iṣẹ́ igbákejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú wọn yàtọ̀. Lincoln jókòó ti ìwé títí ó fi mọ iṣẹ́ náà. Bí ó ti ń wọn ilẹ̀ kiri ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní 1832 ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìbò dé ní oṣù Kẹjọ 1834, mẹ́tàlá náà ni wọ́n, ó sì ṣe ipò kejì. Ó yá 200 dọ́là lọ́wọ́ Coleman Smoot, ó fi apá kan rán aṣọ, ó lọ jókòó ní Vandalia tí í ṣe olú ìlú nígbà náà.

Wíwọlé kò san gbèsè. Lẹ́yìn ìbò yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn olówó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n gba ẹṣin rẹ̀, gàárì àti irin iṣẹ́ tí ó fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n sì kó wọn síta láti lù wọ́n ní gbàǹjo. Ohun tí ó fi ń jẹun ni wọ́n gbà yẹn. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ James Short lọ síbi títà náà, ó san 120 dọ́là, ó kó gbogbo rẹ̀, ó sì dá a padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1835, Berry kú, kò fi ohun tí ó tó nǹkan sílẹ̀. Gbèsè àwọn méjèèjì, tí ó tó 1,100 dọ́là, já lé Lincoln nìkan lórí. Ní apá ibẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ajigbèsè ló ń sá lóru gba ìwọ̀ oòrùn lọ. Kò sá. Ó sọ fún àwọn olówó pé kí wọ́n fún òun láyè, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá.

Àwọn ọdún tó kù, a ó yára kọjá lórí wọn. Ìgbà mẹ́rin tẹ̀ léra ni wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ lọ́yà ní 1836, ìwé òfin tí ó kà, John Stuart, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọlé ní 1832, ló yá a. Ó kó lọ sí Springfield ní 1837. Ní 1846, ó du ipò aṣòfin àpapọ̀, Peter Cartwright oníwàásù ni alátakò rẹ̀, Lincoln sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n yàn án ní ààrẹ ní 1860. Ó máa ń sọ pé ìbò 1832 nìkan ni ìgbà tí àwọn ará ìlú fúnra wọn fi ìbò lé òun sẹ́yìn, nítorí ipò sẹ́nétọ̀ tí ó pàdánù ní 1858, àwọn aṣòfin ló dìbò fún ìyẹn. Nígbà tí ó di ààrẹ, ó wá James Short kàn ní California, ó fún un níṣẹ́ ìjọba.

Ó ku ti Armstrong. Jack kú, ó fi Hannah aya rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1857, wọ́n mú ọmọ wọn, Duff, pé ó wà lára àwọn tí ó lu ọkùnrin kan pa lóru. Hannah yìí ti máa ń fún Lincoln lóúnjẹ, ó sì máa ń bá a tún ṣòkòtò rẹ̀ rán, nígbà tí kò ní nǹkan kan. Lincoln ti di lọ́yà ńlá, ó sì ń múra láti díje fún ipò sẹ́nétọ̀, ṣùgbọ́n ó wá sí ilé ẹjọ́ ní Beardstown ní oṣù Karùn-ún 1858. Ẹlẹ́rìí kan búra pé òun rí gbogbo rẹ̀ kedere nínú òṣùpá tí ó mọ́lẹ̀ rokoṣo. Lincoln jẹ́ kí ó sọ ọ́ léraléra, lẹ́yìn náà ni ó mú àlùmánáàkì jáde. Ní wákàtí tí ọkùnrin náà dárúkọ, òṣùpá ti ń wọ̀ lọ. Wọ́n dá Duff sílẹ̀. Hannah béèrè iye tí òun yóò san. Lincoln ní òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.