Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Oníṣòwò Ńlá tí Àwìn Sọ Oníbàárà Rẹ̀ di Ọ̀tá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jẹ ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Ẹni tí ó ń ná ọjà Àpòmù, ẹni tí ó ń dín dòdò ní Ìkirè àti ẹni tí ó ń ta ẹja ní Aṣéjìrẹ́ mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe àwàdà. Àwìn ni ó ń fa oníbàárà wọlé, àwìn náà ni ó sì ń lé e jáde. Ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, fi èyí hàn kedere.

Ọjà Àpòmù kan náà wà nídìí ìtàn yìí. Níbẹ̀ ni àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé aáwọ̀ lórí ataare ní ọjà náà wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu. Lára àwọn ọmọ ogun tí ó pa Òwu run ni ó wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn dà. Ohun tí jagunjagun ń wá ni Ẹfúnṣetán sì ń tà.

Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀. Ó ta ìbọn, ẹ̀tù àti tábà. Ó ní oko ńláńlá. Ó sì ta ẹrú, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yìn ín fún. Ọgbọ́n òwò rẹ̀ kò ṣòro í lóye. Jagunjagun kì í lówó lọ́wọ́ kí ó tó lọ sí ogun, nítorí náà ni obìnrin yìí ṣe ń gbé ìbọn àti ẹ̀tù fún un láwìn, tí yóò sì fi ìkógun san án bí ó bá dé. Bí ogun ṣe ń pọ̀ sí i ni oníbàárà ń pọ̀ sí i, títí tí ó fi joyè Ìyálóde tí ó sì ń bá àwọn ìjòyè gbìmọ̀.

Ní ọdún 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Johnson ní láti ìgbà náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà, tí ó sì ń hùwà ìkà sí àwọn ẹrú rẹ̀. Gbèsè àwọn olórí ogun náà ń ga sí i, ó sì dá àwìn dúró. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà ti ogun dé, ó fi ẹ̀sùn mẹ́ta kàn án: kò bá òun lọ sójú ogun, kò fi ohun èlò ránṣẹ́, kò sì jáde wá pàdé òun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1874 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, kò sí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ní òpin oṣù kẹfà, ẹrú rẹ̀ méjì gba orí àjà wọlé, wọ́n sì pa á lójú oorun; Kúmúyìlọ̀, ọmọ tí ó gbà tọ́, ni ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n pa àwọn ẹrú náà ní gbangba. Látòósà ní tirẹ̀ wà lórí oyè títí ó fi kú ní ọdún 1885.

Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, kò burú láti tajà láwìn. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà fi aṣọ àwìn là; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n pín in fún, díẹ̀díẹ̀, wọn a sì lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè títí owó yóò fi jáde. Ta ni ó tó lóṣòó síwájú ilé Ààrẹ? Ibẹ̀ ni Ẹfúnṣetán ti ṣìṣe: àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè náà ni ó ń dá ẹjọ́ ìlú. Ẹ má ṣe fi ojú owó yín sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò lè sìn ní gbèsè. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ ti sọ iye tí àwìn kò gbọdọ̀ kọjá, ọjọ́ tí owó yóò wọlé, àti ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí àwìn tí a dá dúró lójijì a máa dà bí ìwọ̀sí lójú ẹni tí ó ti mọ́ lára. Èrò ọ̀nà tí ó ra dòdò kì í ràwìn. Ará àdúgbò ni ó ń rà á. Ẹ mú àwọn méjèèjì mọ́ra, kí owó ọwọ́ èkínní lè gbé àwìn èkejì ró. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ tọ́jú ìwà pẹ̀lú àwọn tí ń bá yín ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ọ̀nà àjà ilé yín ju àwọn ọ̀tá lọ.