Adékúnlé Ajásin: Ṣé apá òsì ló wà ni, àbí apá ọ̀tún?

Ní ayé òde òní, àwọn ọ̀dọ́ a máa jókòó ti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, wọn a sì máa dáhùn ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó yẹ kí ìjọba gba owó orí púpọ̀ lọ́wọ́ olówó? Ṣé ó yẹ kí ilé ìwé jẹ́ ọ̀fẹ́? Ṣé ìjọba ló yẹ kó ni ilé iṣẹ́ ńláńlá, àbí kí ó fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò? Bí wọ́n bá dáhùn tán, ẹ̀rọ náà yóò sọ fún wọn bóyá apá òsì ni wọ́n wà nínú ìṣèlú tàbí apá ọ̀tún. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn, Political Compass, bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2001, ìbéèrè méjìlélọ́gọ́ta ló sì ń bi ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì létí àgbàlagbà Yorùbá, nítorí ọwọ́ òsì kọ́ ni a fi ń júwe ilé baba ẹni. Ilẹ̀ Faransé ni orúkọ náà ti wá ní ọdún 1789, nígbà tí àwọn aṣòfin tí ó fẹ́ dín agbára ọba kù jókòó sí ọwọ́ òsì alága, tí àwọn tí ó fẹ́ kí agbára ọba dúró bí ó ti wà sì jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń pe ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìjọba fi owó ìlú gbé mẹ̀kúnnù dìde ní ará òsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìjọba rọra ṣe, kí olúkúlùkù máa bá òwò rẹ̀ lọ, ni wọ́n ń pè ní ará ọ̀tún.

Olóògbé Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, tí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti kú kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yìí ló ba tirẹ̀ jà láti ìgbà èwe rẹ̀ nínú ìṣèlú títí di ọjọ́ ogbó. Ìlú Èkìtì náà sì san nínú owó rẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1908 ni wọ́n bí Ajásin ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí kò jìnnà sí Èmùré. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ St Andrew's ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1924 sí 1927, ó sì di tíṣà. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti gbé Babafúnkẹ́ níyàwó ní ọdún 1939, kó tó ráyè tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ó wọ Fourah Bay College ní Freetown, lórílẹ̀-èdè Sierra Leone, ní ọdún 1943. Ó gba oyè níbẹ̀ ní ọdún 1946, ó kọjá sí Yunifásítì London fún ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ni, ó sì padà sílé ní ọdún 1947 láti di ọ̀gá ilé ìwé Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó mọ bí ọ̀nà ilé ìwé ti gùn tó fún ọmọ tálákà ni, nítorí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Ọ̀wọ̀ náà ni wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group jáde fún aráyé rí, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Ajásin wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ó sì di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà nígbà tó yá. Àmì ọ̀pẹ tí ẹgbẹ́ náà ń lò ló mú kí àwọn ènìyàn máa pè é ní ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Orúkọ kejì tí ó ní lédè Yorùbá ni Afẹ́nifẹ́re. Kò sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀tún nínú orúkọ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ire fún ọmọnìkejì rẹ̀ ló wà fún.

Ajásin ni ẹgbẹ́ náà gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí ó kọ ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìwé tí ó kọ wà lára ohun tí ó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà kò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ. Ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá máa ṣọ́ ẹyẹ ní oko ìrẹsì, tàbí kí ó máa fọ́ kòkó lẹ́yìn baba rẹ̀, ló gbé síléètì tí ó gba ọ̀nà ilé ìwé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ náà ní owó tirẹ̀. Kí ilé ìwé tó ṣí, ìjọba ti bu owó lé owó orí, nǹkan bí sílè mẹ́wàá lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń san án. Owó ńlá ni èyí fún àgbẹ̀ nígbà náà, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ ní ibi púpọ̀. Nínú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954, àwọn ènìyàn bínú dìbò. NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, gba ìjókòó 23 nínú 42 tí ó wà fún Ìwọ̀ Oòrùn, Action Group sì gba 18 péré. Ajásin wà lára àwọn tí ó wọlé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà lè gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn, síbẹ̀ wọn kò yí i padà. Ọdún 1966 tí àwọn ológun gbàjọba ni ó tó kúrò ní ilé aṣòfin náà.

Ní oṣù kejì ọdún 1962, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe ìpàdé ńlá ní ìlú Jos. Níbẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kéde pé apá òsì ni òun wà, pé sóṣálísíìmù tí a fi ìbò gbé kalẹ̀ ni òun ń bá lọ. Inú Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, àti àwọn olóyè pẹ̀lú àwọn oníṣòwò kan nínú ẹgbẹ́ kò dùn sí i. Ìjà ipò náà wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlànà nìkan. Ẹgbẹ́ pín sí méjì, wọ́n ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1963, ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ oúnjẹ ìjọba mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ajásin dúró ti Awólọ́wọ̀. Ó fi Imade College sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1962, ó sì dá ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, Owo High School, ní oṣù kìíní ọdún 1963.

Ibí yìí ni ẹ̀rọ tó ń béèrè ìbéèrè yóò ti kọsẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ló tún dá ilé ìwé aládàáni sílẹ̀. Bí wọ́n bá wo ìwé tí ó kọ, wọn a ní ará òsì ni. Bí wọ́n bá wo ilé ìwé tí ó fi owó ara rẹ̀ dá sílẹ̀, wọn a ní ará ọ̀tún ni.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979, Ajásin ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹgbẹ́ UPN ló gbé e wọlé ní Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí gómìnà, Olóyè Akin Ọmọ́boríowó, agbẹjọ́rò ọmọ Ìjerò-Èkìtì, sì ni igbákejì rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni UPN ṣèlérí: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìjọba Ajásin fòpin sí owó ilé ìwé girama. Ilé ìwé girama tuntun sọ káàkiri àwọn ìlú kéékèèké. Ní ọdún 1982, ó dá yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, kò sì gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ ìlú rẹ̀. Adó-Èkìtì ló gbé e sí. Òun náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Àwọn alátakò ní ilé ìwé náà ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ, pé wọ́n ń sáré kó ọmọ jọ láìsí àga àti ìwé tó. Nígbà tí owó epo rọbì já wálẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, àwọn tíṣà tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lé lọ́wọ́ sì wà lára àwọn tí ìyà rẹ̀ jẹ. Ajásin kò fi ètò náà sílẹ̀.

Ọdún 1982 yìí kan náà ni Ọmọ́boríowó gbé ìwé kan jáde tí ó pè ní Awoism, tí ó fi ṣàlàyé èrò Awólọ́wọ̀ lórí ìṣèlú. Bí wọ́n bá fún òun ní ìbéèrè òsì àti ọ̀tún dáhùn, kò sí èyí tí yóò ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí UPN fẹ́ mú ẹni tí yóò du ipò gómìnà ní ọdún 1983, Ajásin ni wọ́n tún mú. Ọmọ́boríowó bínú kúrò, ó sì lọ du ipò náà lábẹ́ NPN, ẹgbẹ́ tí àwọn UPN ń pè ní ẹgbẹ́ àwọn olówó.

Kì í ṣe pé kò ní ìdí. Ọ̀pọ̀ ará Èkìtì ló gbà pé Èkìtì ló pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì dun àwọn kan pé ọmọ Èkìtì kò tíì jókòó lórí àga gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé iwájú olùdìbò ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré. Lọ́wọ́ kan, ọmọ ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, ètò tí ó rán ọmọ ẹni lọ sí ilé ìwé ló dúró. Ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ẹlòmíràn kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń bẹ nínú kíláàsì náà, ọmọ ẹni ni.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1983 ni ìdìbò náà. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò FEDECO kéde ní ọjọ́ kẹta pé Ọmọ́boríowó ló wọlé, iná ràn. Ní Àkúrẹ́, ní Ọ̀wọ̀ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, wọ́n dáná sun ilé àti mọ́tò, wọ́n sì pa ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo; aládùúgbò ló dojú kọ aládùúgbò. Ajásin gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Kóòtù rí i pé iye tí wọ́n kéde kò bá ìbò tí wọ́n kà mu, ó sì dá Ajásin láre. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ, ibẹ̀ náà ni Ajásin ti borí.

Oṣù mẹ́ta péré ló lò nínú sáà kejì yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì kó àwọn gómìnà sí àtìmọ́lé. Wọ́n tú ìwé owó rẹ̀ wò, wọ́n gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ológun, wọn kò sì rí owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́jọ́, síbẹ̀ wọ́n tún tì í mọ́lé fún ìgbà pípẹ́, bàbá tí ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Ní ọdún 1989, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi àṣẹ gbé òsì àti ọ̀tún kalẹ̀. Ó kọ gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wá forúkọ sílẹ̀, ó dá méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀: SDP ẹlẹ́ṣin tí yóò tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, àti NRC onídì tí yóò tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Ó kọ ìlànà fún wọn, ó tún kọ́ ọ́fíìsì fún wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. SDP ló wọlé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, sì di gómìnà ní oṣù kìíní ọdún 1992. Ọmọ Èkìtì dé orí àga náà nígbẹ̀yìn, nínú ẹgbẹ́ tí ó jogún àwọn ará UPN. Kò tó ọdún méjì tí ológun fi tún lé wọn lọ.

Nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá borí, Ajásin ti di olórí Afẹ́nifẹ́re. Ní ọdún 1994, ó di olórí NADECO, ẹgbẹ́ tí ó dojú kọ ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha. Abíọ́lá tí ó ń jà fún yìí, ọlọ́rọ̀ ni, NPN ló sì ti wà nígbà kan rí. Ajásin kò wo èyí. Ìbò àwọn ènìyàn ló wò. Ní ọdún 1995, àwọn agbófinró wá sí ilé rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ níbi tí ìpàdé ti ń lọ, wọ́n sì mú òun àti àwọn àlejò rẹ̀ lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún ni.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni Ajásin dágbére fáyé. Nígbà náà, wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996. Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá-Àkókó ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Àwọn tí wọ́n gbé síléètì ní ọdún 1955 ti di arúgbó ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, àwọn tí wọ́n wọ girama láìsan owó ní ọdún 1979 sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá na fóònù sí wọn pé kí wọ́n wá dáhùn bóyá ó yẹ kí ilé ìwé jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n mọ èsì rẹ̀, wọ́n sì tún mọ ẹni tí ó san owó rẹ̀.