Ládòkè Akíntọ́lá: Igbákejì tó ní òun náà fẹ́ wà níwájú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fíìmù kọ́bọ́ì rí, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣẹ́ríìfù á wà níwájú lórí ẹṣin, igbákejì rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e. Igbákejì yìí ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, òun náà ló máa ń forí ko ìbọn nítorí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n tí fíìmù bá parí, ọ̀gá nìkan la máa ń rántí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń bi ara mi pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí igbákejì bá jí lọ́jọ́ kan, tó ní òun ò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́?

Àṣé nǹkan yẹn ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ẹni tí mò ń sọ ni Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdọọdún, tí ọjọ́ 15 oṣù kìíní bá ti pé, ìjà orúkọ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn kan á ní akọni ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tá à ń jà yìí, bàbá wa gan-an ò tíì dáyé nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tá à ń jà lé lórí.

Ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oníṣòwò làwọn òbí rẹ̀, ẹ sì mọ ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò síbi tí wọn ò lè tajà dé. Minna ni wọ́n kó lọ, ibẹ̀ ni Ládòkè ti gbé nígbà ọmọdé, tó ti gbọ́ Hausa àti Núpé mọ́ Yorùbá. Lọ́dún 1922, wọ́n dá a padà sílé sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà kó lè kàwé níléèwé Onítẹ̀bọmi. Ó wọ Baptist College ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1925, nígbà tó sì parí, ó di olùkọ́ ní Baptist Academy l'Ékòó. Ọdún méjìlá gbáko ló fi kọ́mọ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló di oníwèé ìròyìn bíi tiwa yìí, tó ń ṣe olóòtú Daily Service. Lọ́dún 1946, ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà lọ sí ìlú ọba. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti di lọ́yà. Ìyàwó rẹ̀, Fadérera, nọ́ọ̀sì ni.

Lọ́dún 1951 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Action Group jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ igbákejì olórí ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe Akíntọ́lá o. Bọ̀dé Thomas ni, Balógun Ọ̀yọ́, tóun àti Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì jọ fa wàhálà tí wọn ò tíì gbàgbé l'Ọ́yọ̀ọ́ títí dòní. Bọ̀dé Thomas kú lójijì ní oṣù kọkànlá 1953. Wọ́n lé Aláàfin kúrò nílùú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àga tó ṣófo yẹn ni Akíntọ́lá wá jókòó lé.

Ó sì ṣiṣẹ́ igbákejì náà dáadáa. Awólọ́wọ̀ wà n'Íbàdàn, ó ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Akíntọ́lá wà l'Ékòó, ó ń bá wọn jà nílé aṣòfin àpapọ̀. Òun ló ṣáájú ikọ̀ ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ òmìnira ní Kánò ní oṣù karùn-ún 1953, ìrìn àjò tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Òun náà ló gbé àbá òmìnira síwájú ilé lọ́dún 1957. Awólọ́wọ̀ jẹ́ ẹni tó máa ń fi ìwé àti ìṣirò sọ̀rọ̀. Akíntọ́lá ní tiẹ̀, òwe àti ẹ̀fẹ̀ ló fi ń ṣẹ́gun. Tó bá dìde lórí pèpéle ìpolongo, àwọn ọ̀tá rẹ̀ gan-an á rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé àwọn ló ń bú.

Ní oṣù kejìlá 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Premier sílẹ̀ ó lọ s'Ékòó, ó fẹ́ di olórí ìjọba Nàìjíríà. Kò rọ́wọ́ mú, ó wá di olórí alátakò. Akíntọ́lá ló gba ipò Premier n'Íbàdàn. Ibí ni fíìmù ti yí padà. Ta ni ọ̀gá báyìí? Ṣé olórí ẹgbẹ́ tí kò ní ìjọba lọ́wọ́ ni, àbí igbákejì tí owó àti ọlọ́pàá àdúgbò wà lábẹ́ rẹ̀? Awólọ́wọ̀ ní ẹgbẹ́ ló gbé Premier síbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Akíntọ́lá ní Premier lòun, òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó tún gbà pé ó yẹ kí Yorùbá bá àwọn ará Àríwá tó ń ṣèjọba l'Ékòó rẹ́, kí wọ́n má bàa jẹun tán kí tiwa tó kàn wá. Àgbò méjì kì í sáà mumi nínú akèrègbè kan.

Nípàdé ẹgbẹ́ ní Jos, oṣù kejì 1962, ọ̀rọ̀ náà fọ́ síta. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Gómìnà, tí í ṣe Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ Akíntọ́lá, wọ́n sì fi Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin fi àga la ara wọn lórí nílé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn, ọlọ́pàá fi tajútajú lé gbogbo wọn síta. Ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Nígbà tó máa di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ẹ gbọ́ èyí náà: ní oṣù karùn-ún 1963, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé Gómìnà lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ Akíntọ́lá. Dípò kó lọ, òfin ni wọ́n yí padà sẹ́yìn kí ìdájọ́ náà má bàa múlẹ̀. Èmi ò lè gbè é níbí yìí. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró lẹ́tọ̀ọ́ láti dá dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kó gbé òpó ilé tì nígbà tí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi.

Lọ́dún 1964, ó dá ẹgbẹ́ Demo sílẹ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́wọ́. Ọdún yẹn náà ni Aláàfin Bello Gbádégẹṣin fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹni kẹtàlá. Látìgbà tí Látòósà ti Ìbàdàn ti kú lọ́dún 1885, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. L'Ọ́yọ̀ọ́, oyè yìí kì í ṣe oyè eré. Jagunjagun àgbà ni Kakaǹfò, kì í gbé Ọ̀yọ́ pẹ̀lú Aláàfin, tó bá sì lọ sógun, kó ṣẹ́gun tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ bọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ méjì ti jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀: Tóyèjẹ, àti Òjó Aburúmákùú. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé nígbà ayé Aburúmákùú, kò sógun kankan láti jà, ló bá dá ogun abẹ́lé sílẹ̀ n'Ógbómọ̀ṣọ́, òun náà ló sì tún paná rẹ̀. Mo máa ń rántí Aburúmákùú tí mo bá dé orí ọdún 1965.

Torí pé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1965, wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn. Èrú pọ̀ nínú ìbò náà dé bi pé àwọn ènìyàn ò lè gbé e mì. Wọ́n kéde pé Demo ló wọlé, ìgboro sì gbaná. Wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń da bẹntiróò sí èèyàn lára, wọ́n ń ṣáná sí i. Wọ́n ń sun ilé. Aládùúgbò ń pa aládùúgbò. Ogun ilé ni, Kakaǹfò tó sì dá a sílẹ̀ kò rí i pa.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn sójà dé ilé Premier n'Íbàdàn. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé igbákejì rẹ̀, Rẹ̀mí Fání-Káyọ̀dé, nílé tiẹ̀. Akíntọ́lá kò sá. Ó gbé ìbọn, ó bá wọn yìn ín, ó sì ṣe àwọn kan léṣe kí wọ́n tó pa á. Ọmọ ọdún 55 ni. Fání-Káyọ̀dé ní tiẹ̀ yè é.

Ẹ̀gbẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣe ló burú. Ìjọba rẹ̀ ló ṣòfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1961. Lónìí, orúkọ Awólọ́wọ̀ ló wà lára yunifásítì yẹn. Tí ẹ bá sì wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí àwọn ọmọ tó ń lọ sí LAUTECH. Orúkọ Ládòkè ni wọ́n ń pè lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀ ju lẹ́tà yẹn lọ.

Èrò tèmi rèé. Kò burú kí igbákejì fẹ́ di ọ̀gá. Ohun tó bà wá jẹ́ ni pé kò sí nínú àwọn méjèèjì tó gbà kí ẹnì kejì borí, gbogbo ilé ló sì jóná mọ́ wọn lórí. Akíntọ́lá jà, ó kú bíi Kakaǹfò. Àwọn tí wọ́n da bẹntiróò sí lára ńkọ́? Wọn ò joyè kankan, a ò sì mọ orúkọ wọn. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà ọ̀dàlẹ̀ àti akọni yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwọn náà.