Àyìndé Bákàrè, ọkùnrin tó fi iná mànàmáná sí gìtá jùjú

Ní ọjọ́ Sátidé kan, níbi ìgbéyàwó kan ní Sango-Ọ̀tà, ní apá Jójú, àwọn ọ̀dọ́ kan ń kọrin jùjú. Ọ̀kan nínú wọn tẹ kíbọ́ọ̀dù, ohùn gìtá kan sì jáde níbẹ̀, irú èyí tó máa ń fà gùn, tó máa ń yọ́ gòkè, tó sì máa ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sunkún ayọ̀. Àwọn àgbàlagbà tó mọ orin King Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Láìròtẹ́lẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kú. Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́, gìtá dákẹ́, olórin la ẹnu títí, àwọn tó wà ní tábìlì kẹta kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Gángan nìkan ló ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi wá epo lọ, mo jókòó, mo ń rò ó pé bí jùjú ṣe rí gan-an nìyí kí ọdún 1949 tó dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọkùnrin tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Àyìndé Bákàrè. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i ní Èkó. Èkó ìgbà náà kì í ṣe Èkó tí a mọ̀ lónìí. Àwọn Sàró wà níbẹ̀, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé wà níbẹ̀, àwọn atukọ̀ òkun láti Làìbéríà sì ń gbé gìtá wọn sọ̀ kalẹ̀ ní etíkun. Níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mu ẹmu lálẹ́ ni orin wọ̀nyí ti pàdé orin Yorùbá. Túndé King ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nínú irú orin bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n sì ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ẹni tó fi orúkọ jùjú lélẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin ìgbà náà kò pọ̀. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni: ẹni tó ń ta bánjò tó sì ń kọrin, ẹni tó ń gbè é, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó ń lu ìlù pẹlẹbẹ olójúkan tó ní ṣaworo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú yàrá àlejò ni wọ́n ti ń ṣeré, olówó tó pè wọ́n á jókòó sí tòsí, á sì gbọ́ oríkì rẹ̀ ketekete.

Bánjò kékeré, èyí tí wọ́n fi awọ bò lójú bí ìlù, tí okùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ni Bákàrè fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1937, ilé-iṣẹ́ àwo orin HMV gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò pẹ́ tí ogun àgbáyé kejì fi bẹ́ sílẹ̀, tí iṣẹ́ àwo orin sì dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kò dúró, ìkómọ kò dúró, òkú àgbà kò sì yé kú. Òde àríyá ni Bákàrè ti ń jẹun.

Lẹ́yìn ogun, òde àríyá ń gbòòrò sí i. Ní ọdún 1948, olórin jùjú kan tí wọ́n ń pè ní Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Gángan kì í ṣe ìlù tí ó kàn ń dún. Ọṣán tó so awọ ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni onílù máa ń fi apá fún mọ́ra. Bí ó bá fún un, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ó lè fi kọ̀ǹgọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí ohùn náà ṣì máa yí lọ lábẹ́ apá rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ó lè sọ èdè wa nìyẹn, nítorí èdè Yorùbá kò ṣeé ya kúrò lára ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Irú alágbára bẹ́ẹ̀ ló wá jókòó ti bánjò olókùn mẹ́rin. Ta ni yóò gbọ́ ohun tí bánjò ń wí?

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Olórin lè ní kí gángan máa jẹ́jẹ́, kí jùjú má kúrò ní yàrá àlejò. Tàbí kí ó wá ohun tí yóò gbé ohùn okùn sókè. Ní ọdún 1949, Bákàrè yan èkejì. Máíkì kékeré kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò orin ló lò, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan yọjú: kò sí ibi tí máíkì náà yóò dúró sí dáadáa lára bánjò. Gìtá onípátákó, tí ara rẹ̀ fẹ̀, ló lè gbà á. Bákàrè gbé bánjò sílẹ̀, ó mú gìtá.

Lójú tèmi, ìgboyà tó wà nínú èyí ju ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Bánjò ló fi gba orúkọ, bánjò ni àwọn oníbàárà mọ̀ mọ́ ọn, ìka rẹ̀ sì ti mọ́ okùn mẹ́rin lára. Okùn mẹ́fà ni gìtá, àyè tí ìka ń gbà lára rẹ̀ sì yàtọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iná di ọ̀gá rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, bí ó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ wa tó wà ní Sango yìí.

Èrè rẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn. Bí gìtá àti ohùn olórin ti lè borí ariwo, kò sí ohun tó ní kí ìlù má pọ̀ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú kúrò ní ẹni mẹ́rin, wọ́n di ẹni mẹ́jọ, mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Àríyá bọ́ sí ojú títì. Ẹgbẹ́ Bákàrè, Inner Circle Orchestra, wà lára àwọn tí àwọn olówó Èkó ń pè.

Ó yani lẹ́nu pé ní àkókò kan náà, ẹlòmíràn ń bá irú ìṣòro yìí jà ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Paul Bigsby, oníṣẹ́ irin ní Califọ́níà, irú èèyàn tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà yóò gbọ́ èdè rẹ̀ kíákíá. Ní ọdún 1948, ó ṣe gìtá kan fún Speedy West, èyí tó dà bí tábìlì, tó ní pẹ́dàlì lábẹ́. Ẹni tó ń ta á á jókòó tì í, á máa fi irin dídán kan yí lórí okùn. Bí ó bá tẹ pẹ́dàlì, okùn kan á le, ohùn á gòkè nígbà tí ó ṣì ń dún lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀pá irin tí orúnkún ń tì wọlé, tí ọ̀kan á dẹ okùn, tí òmíràn á fà á le. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ apá onígángan gan-an ni orúnkún ń ṣe níbẹ̀?

Ìpinnu tó le fún onígìtá bẹ́ẹ̀ ni okùn tí yóò fi fún orúnkún kọ̀ọ̀kan. Okùn sábà máa ń jẹ́ mẹ́wàá, orúnkún kò ju méjì lọ, orúnkún kan kò sì lè ti apá òsì àti apá ọ̀tún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyípadà méjì tó bá fẹ́ kó dún pa pọ̀, kò gbọdọ̀ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ méjì orúnkún kan. Ohun tó bá gbà, ó ti fi òmíràn sílẹ̀ nìyẹn, bí Bákàrè ti fi bánjò sílẹ̀.

Bákàrè kò rí gìtá onípẹ́dàlì nínú jùjú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 ni I.K. Dáíró ti gbòde pẹ̀lú àkọ́díọ̀nù, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, Sunny Adé tẹ̀lé e ní 1967. Gìtá wọn pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń lo iná. Àgbà ń ṣeré lọ láàárín wọn títí di ọdún 1972 tó fi jáde láyé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1982, àwo orin Juju Music tí Sunny Adé ṣe gbé ohùn gìtá onípẹ́dàlì tí Dèmọ́lá Adépòjù ń ta dé etí gbogbo ayé. Àwọn òyìnbó rò pé orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wọnú jùjú. Etí tèmi gbọ́ gòjé nínú rẹ̀, ó sì gbọ́ gángan.

Ní Sango, epo dé, iná tàn. Mo bi ọ̀dọ́ tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù bóyá ó mọ Àyìndé Bákàrè. Ó mọ Sunny, ó mọ Obey, ó tilẹ̀ mọ Dáíró. Ó ní kí n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀, ó sì tún tẹ bọ́tìnnì ohùn gìtá náà.