Josué de Castro: Dókítà tó pe ebi ní orúkọ rẹ̀

Àwọn òbí wa máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọkùnrin kan wà ní Brazil tó fi ayé rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìlú Recife ni wọ́n ti bí Josué de Castro, lọ́dún 1908. Láti kékeré ló ti ń rí àwọn tálákà tó kọ́ ahéré sínú ẹrẹ̀ létí odò, tí wọ́n ń mú alákàn jẹ. Ọ̀dá ló lé àwọn kan wọn kúrò lóko; àwọn mìíràn kò ní ilẹ̀, nítorí àwọn olóko ìrèké ló ni ín.

Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Rio de Janeiro, ó parí ní 1929, ó sì padà sílé. Ilé iṣẹ́ kan gbà á pé kó máa tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn ọ̀gá ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Castro ṣe àyẹ̀wò fún wọn, ó rí i pé ebi ló ń pa wọ́n. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé oògùn àìsàn náà kò sí lọ́wọ́ dókítà, ọwọ́ àwọn tó ń san owó oṣù ló wà. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kò dákẹ́. Ní 1932, ó ṣe ìwádìí láàárín ìdílé òṣìṣẹ́ 500 ní Recife. Ó béèrè iye tó ń wọlé fún wọn àti ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀wà, gàrí, kọfí àti ṣúgà ló pọ̀ jù. Oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn, síbẹ̀ wọn kì í yó.

Ní 1946, ó gbé ìwé Geografia da Fome jáde. Inú wa dùn láti gbọ́ pé ó yin epo pupa, èyí tí àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, àwọn Yorùbá pẹ̀lú wọn, fi ń se oúnjẹ ní Bahia. Ohun tí ìwé náà kọ́ni ni pé ebi kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ọmọ ènìyàn ló ń fà á. Castro kò kọ oúnjẹ ọ̀fẹ́, ó tì í lẹ́yìn pé kí wọ́n máa bọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ní láìsí ilẹ̀ àti owó iṣẹ́ tó tó, ebi yóò tún padà wá.

Ní 1952, ó di alága ìgbìmọ̀ FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Brazil ní 1964, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìṣèlú lọ́wọ́ rẹ̀. Paris ló sá lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1973, láìfojú kan ilé mọ́.

Ní ìlú tí a wà yìí, a máa ń rí ìlà àwọn tó ń gba oúnjẹ ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa náà wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ ká bi í ní ohun tí Castro béèrè: èló ló ń wọlé fún wọn, kí ni wọ́n sì jẹ lánàá?