Ìrántí Captain J. P. L. Davies, Àgbẹ̀ Kòkó ti Ìjọn

Ẹni tí a fẹ́ rántí lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí owó kòkó ti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.

Sàró ni a ti bí James Pinson Labulo Davies ní 1828. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ó di ọ̀gá ọkọ̀ òkun, ó sì di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Ó wà lára àwọn tí ó fi owó ran CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1859. Ní 1862 ó gbé Aina níyàwó, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ fún.

Ṣùgbọ́n ayé kò dúró sójú kan. Láàárín 1870 sí 1880 gbèsè wó òwò rẹ̀ lulẹ̀. Ní 1880 ikú mú Aina lọ ní erékùṣù Madeira. Ẹlòmíràn ì bá káwọ́ lérí. Davies, tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, dojú kọ iṣẹ́ oko ní Ìjọn lẹ́yìn Èkó. Láti inú ọkọ̀ Brazil àti láti Fernando Po ni ó ti rí kòkó tí ó gbìn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Hóró kòkó kò dàbí àgbàdo tí a ń fi kọ́ àjà de ọdún tí ń bọ̀: bí ó bá gbẹ, ó kú. Nínú odidi èso tí a kò là ni ó ti lè fara da ìrìn àjò. Ẹni tí yóò gbìn ín a yan èso tí ó gbó dáadáa, a fi iyanrìn tàbí eérú ra omi yíyọ̀ ara hóró kúrò, a sì tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tútù lábẹ́ ibòji, láì rì í jìn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì yóò hù. Oòrùn gangan a máa pa ọ̀dọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lóko, kí ó lè ṣíji bò ó.

Láti Ìjọn ni kòkó ti dé Agége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú un gbilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ oko wọn ni ó gbé hóró àti ọgbọ́n rẹ̀ lọ sí ìlú wọn.

Davies kú ní 1906. Òwò rẹ̀ ti parẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbìn lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀ ń so síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà rọ́pò àwọn igi tí ó ti darúgbó lóko baba wa, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa bá ilẹ̀ òfìfo.